Bí A Ṣe Ń Fọ Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré Tí Ó Ti Gan, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Lẹ́yìn Ìgbà Náà

Òǹkàwé kan láti Súrùlérè kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ti di olóògbé fi bàálù kékeré kan sílẹ̀, irú èyí tí a ń fi rìmọ́ọ̀tù darí. Ẹ́ńjìnnì O.S. .46 ni ó wà ní orí rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí ó ti wà nínú páálí. Mo fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa fò ó, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ kò yí mọ́, ara ẹ́ńjìnnì náà sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, kí n fi sáńpépà ha inú rẹ̀, kí n sì fi sítátà yí i tipátipá. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àbí kí n kúkú ra tuntun? Báwo ni a sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí kò fi ní tún rí bẹ́ẹ̀?”

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí sáńpépà kan inú ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sítátà yí i. Mẹkáníìkì yín kò ní èrò búburú, nítorí pé ohun tí ó sọ lè bá jẹnẹrétọ̀ kékeré mu, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ láti inú wá.

Nọ́ńbà 46 tí ó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé àyè inú síléńdà rẹ̀ jẹ́ 0.46 kúbíìkì íǹṣì, èyí tí ó tó nǹkan bí 7.5 cc. Ilé iṣẹ́ O.S. ti Japan, tí ó ti wà láti ọdún 1936, ni ó ṣe é. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwọ̀n yìí, pístìnì rẹ̀ kò ní ríìngì rárá. Síléńdà rẹ̀ fi ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí fún ní òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì ti fi króómù tàbí níkẹ́ẹ̀lì bo inú rẹ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, pístìnì máa ń há díẹ̀ bí ó bá dé òkè pátápátá, a sì máa ń gbọ́ ìró kan bí ẹni pé irin ń fún irin lọ́rùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, òkè síléńdà á fẹ̀, pístìnì á sì rí àyè rìn. Híhá yẹn ni ó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ inú, òun ni agbára ẹ́ńjìnnì náà. Ẹni tí ó bá fi sáńpépà ha á fún ìṣẹ́jú kan péré ti ha agbára náà dànù, kò sì sí ríìngì tí a lè pààrọ̀ láti fi dá a padà.

Ní ti kẹrosíìnì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó mú kí ẹ́ńjìnnì náà gan. Epo tí irú ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ kì í ṣe bẹntiróòlù. Mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan tí a kì í mu, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a máa ń po nitromethane díẹ̀ mọ́ ọn kí iná rẹ̀ lè mú dáadáa, a sì máa ń fi ọ́ìlì kún un tó bíi ìdá márùn-ún gbogbo epo náà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibòmíràn tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ epo bẹ́ẹ̀, epo lárà wà nínú ọ́ìlì náà, lárà kan náà tí àwọn ìyá wa ń fi èso rẹ̀ ṣe oògùn inú. Epo lárà dára púpọ̀, ó máa ń dáàbò bo irin kódà nígbà tí ọ́ìlì òde òní bá ti jó tán, ṣùgbọ́n tí iná bá ti lù ú léraléra, á di bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ, àtè náà á gbẹ, á sì le bí fáníìṣì. Èyí ni dúdú tí ẹ rí lára ẹ́ńjìnnì yín, ó sì ṣeé ṣe gan-an kí ó jẹ́ pé òun náà ni ó lẹ pístìnì mọ́ síléńdà. Epo lárà kì í fẹ́ yọ́ nínú kẹrosíìnì. Mẹtanọ́ọ̀lù ni ó ń yọ́ èyí tí kò tíì jóná. Èyí tí ó ti jóná di fáníìṣì ń fẹ́ ìtọ́jú mìíràn tí n ó sọ láìpẹ́.

Ìdí kejì tí ó lè mú kí ó gan ni ìpẹtà, èyí tí mo ń bẹ̀rù ju àtè lọ. Mẹtanọ́ọ̀lù máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èkó sì rèé, ìlú tí òkun àti ọ̀sà yí ká, níbi tí iyọ̀ àsè ti ń dì gbagidi nínú ike. Bí epo bá ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn fífò, yóò fa omi yẹn wọlé, ohun tí nitromethane bá sì fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó jó máa ń kan, ó máa ń jẹ irin bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń jẹ ọ̀bẹ. Bẹ́ríìnì méjì tí ó gbé ṣáfútù dúró ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, pàápàá ti ẹ̀yìn tí ó sún mọ́ pístìnì. Láti ìgbà tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, èyí tí fífò bà jẹ́ kò pọ̀ tó èyí tí ìsinmi bà jẹ́. Ohun tí ẹni tí ó ni ín ṣe tàbí tí kò ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí bàálù balẹ̀ ni ó ń pinnu bóyá ẹ́ńjìnnì náà yóò pẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì orí rẹ̀ àti sàlẹ́ńsà kúrò, kí ẹ sì kán ọ́ìlì gíà àtòmátíìkì, irú pupa yẹn, sínú ihò púlọ́ọ̀gì àti ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi diráyà tí àwọn onídìrí ń lò fẹ́ òkè síléńdà títí yóò fi gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbé lé e pẹ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ di abẹ̀bẹ̀ onígi mú, kí ẹ máa mì í síwá sẹ́yìn ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún kán ọ́ìlì, ẹ tún fi diráyà fẹ́ ẹ, ẹ tún dúró. Mo ti rí èyí tí ó gba ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó mì. Ẹ má fi páláyà di ṣáfútù mú, kí ẹ má sì ti ohunkóhun bọ inú ihò èéfín láti fi ta pístìnì. Sítátà léwu nítorí pé kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró: bí ọ́ìlì tàbí epo bá dúró lókè pístìnì, nǹkan olómi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, kọ́nírọ́ọ̀dù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so pístìnì mọ́ ṣáfútù nísàlẹ̀, ni yóò sì tẹ̀.

Nígbà tí ó bá ti ń yí, ẹ lè tú u. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti mẹtanọ́ọ̀lù fọ ìta rẹ̀, kí yanrìn má baà bá yín wọ inú. Ẹ wá álẹ́ǹ kíì tí ó dára, nítorí pé èyí tí orí rẹ̀ ti jẹ yóò ba orí bóòtù jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí bóòtù bá sì kọ̀ láti tú, ẹ tún fi diráyà sí i. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun gbogbo bí ẹ ti ń tú u, kí ẹ sì tò wọ́n sínú kéréètì ẹyin ní ìtẹ̀léra. Síléńdà ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ kọjú sí, pístìnì àti kọ́nírọ́ọ̀dù náà ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fi gègé sàmì sí wọn láìfi nǹkan ha wọ́n. Kabúrétọ̀ ni kí ẹ má tíì fọwọ́ kàn, títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ mi dé ìparí.

Ohun tí ó ń yọ fáníìṣì dúdú yẹn ni omi tí a ń bu sí réjétọ̀ ọkọ̀, èyí tí ethylene glycol wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa, torí pé púpọ̀ nínú kúláǹtì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kò ju omi tí a pa láró lọ, kò sì ní ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ kó àwọn tí a fi alumíníọ́mù ṣe sínú rẹ̀, èyíinì ni àpótí ẹ́ńjìnnì, ìdérí síléńdà, ìdérí ẹ̀yìn àti sàlẹ́ńsà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo rọ́bà kúrò lára wọn. Ẹ gbé e ka iná kékeré ní ìta gbangba, kí ó gbóná púpọ̀ ṣùgbọ́n kí ó má hó, fún wákàtí mẹ́rin, mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáníìṣì náà yóò wú, yóò sì máa ṣí bí èèpo. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n kúrò, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ fi diráyà gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á. Ìkòkò tí ẹ bá lò kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná láéláé, omi náà kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọ tàbí ajá lè dé, nítorí pé ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ènìyàn. Bí wọ́n bá ti kun àpótí ẹ́ńjìnnì náà ní ọ̀dà, ọ̀dà náà lè ṣí.

Ẹnìkan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lo sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń lò, tàbí ohun tí a fi ń fọ ófùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó lára alumíníọ́mù náà, tí ara rẹ̀ di dúdú, tí ihò wẹ́wẹ́ sì yọ sí i. Ẹ́ńjìnnì náà kò ṣeé lò mọ́, ó sì dùn mí títí di òní.

Ní ti orí pístìnì, ẹ má ṣe ìyọnu jù. Èéfín tí ó dì sí i kì í ṣe ìpalára púpọ̀. Bí ó bá nípọn, ẹ wá pákò, ẹ jẹ orí rẹ̀ kí ó di bí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ rì í sínú mẹtanọ́ọ̀lù, kí ẹ sì fi í nù ún. Kò sí irin tí ó yẹ kí ó kan ibẹ̀. Ara pístìnì àti inú síléńdà, aṣọ rírọ̀ àti ọ́ìlì nìkan ni.

Bẹ́ríìnì ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi mẹtanọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́, tí ẹ sì ti kán ọ́ìlì sí i, ẹ fi ìka yí ṣáfútù jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, tàbí bí ẹ bá rí àbàwọ́n pupa lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé bí ó bá fọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, àfọ́kù irin yóò gba inú lọ sọ́dọ̀ pístìnì, gbogbo rẹ̀ yóò sì bà jẹ́ pa pọ̀. Ẹ fi ìwọ̀nba agbára ti ṣáfútù sẹ́yìn láti iwájú, kí ẹ fi igi gbá a, kì í ṣe òòlù onírin. Ẹ wá gbé àpótí ẹ́ńjìnnì sínú ófùn, kí ó gbóná tó 150 lórí ìwọ̀n Celsius. Alumíníọ́mù máa ń fẹ̀ ju irin bẹ́ríìnì lọ, nítorí náà, bí ẹ bá gbá ojú rẹ̀ lé pákó gbígbẹ nígbà tí ó ṣì gbóná, bẹ́ríìnì ẹ̀yìn á já bọ́ fúnra rẹ̀. Ti iwájú náà á jáde bí ẹ bá fi igi róbótó tì í láti inú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, ẹ gbé bẹ́ríìnì sínú fíríísà mọ́jú, ẹ tún mú àpótí gbóná, wọn yóò sì wọ inú ara wọn láìsí wàhálà.

Kò pọn dandan kí ẹ ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó nítorí bẹ́ríìnì. Nọ́ńbà rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà náà, ẹ mú èyí tí ẹ yọ lọ sí Ládípò ní Múṣin, sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta bẹ́ríìnì nìkan, kí wọ́n wọn ihò inú, fífẹ̀ ìta àti nínípọn rẹ̀. Ẹ bèèrè èyí tí a ṣe fún eré gíga, kí ti ẹ̀yìn ṣí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ọ́ìlì inú epo lè máa dé ibẹ̀, kí ti iwájú sì ní ìbòjú ní ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ìta, torí eruku ọyẹ́. Ẹ yí i létí yín kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo ohun tí ń yí. Ẹ fún àwọn bóòtù ìdérí síléńdà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ní ìdojúkọ, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ìdérí lè jókòó dọ́gba. Gbogbo rọ́bà róbótó àti gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti le, ẹ pààrọ̀ wọn. Bákan náà ni túùbù sílíkọ́nì tí epo ń gbà kọjá àti èyí tí ó wà nínú táǹkì: lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọn á ti máa là. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò mú kí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá agbára rẹ̀, kí ó gbóná, kí ó sì kú lójú òfuurufú.

Púlọ́ọ̀gì náà yẹ kí ó jẹ́ tuntun. Kò dà bíi ti ọkọ̀. Wáyà wínníwínní tí pilátínọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ ni ó ká sí ẹnu rẹ̀, bátìrì 1.5 volt ni a fi ń mú un pọ́n níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, a ó yọ bátìrì, wáyà náà yóò sì máa pọ́n lọ, nítorí pé pilátínọ́ọ̀mù àti mẹtanọ́ọ̀lù ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láti mú ooru jáde. Ray Arden ni ó gbé e sí ọjà ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1947, èyí sì sọ bàálù kékeré di fífúyẹ́, nítorí pé kí ó tó dé, kóìlì àti bátìrì ni wọ́n ń gbé gòkè. Bí wáyà náà bá ti funfun tàbí tí ó wọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa kú nígbàkúùgbà tí ẹ bá yọ bátìrì, ènìyàn á sì máa bú kabúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀.

Mo padà sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo sọ. Nígbà tí bàálù bá balẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn ní ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́, kí ẹ fún túùbù epo pa, kí ó jó gbogbo epo inú rẹ̀ tán fúnra rẹ̀. Ẹ tún so bátìrì mọ́ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ gbìyànjú láti jí i lẹ́ẹ̀kan sí i títí kò fi ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ da epo táǹkì padà, tàbí kí ẹ dà á nù. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọ́ìlì gíà pupa yẹn tàbí ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, bíi ìkán mẹ́wàá sínú kabúrétọ̀ àti márùn-ún sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ yí abẹ̀bẹ̀ fún bíi ìgbà ogún, kí ọ́ìlì lè dé bẹ́ríìnì méjèèjì. Ẹ nu ìta rẹ̀ kí epo lárà má baà dì, ẹ fi aṣọ dí ẹnu kabúrétọ̀ àti ihò èéfín. Bí ẹ bá mọ̀ pé yóò tó oṣù kan kí ẹ tún fò, ẹ wé e sínú nylon pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa omi tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà. Àwọn tí ń gbé ní Erékùṣù tàbí Lẹ́kí kò gbọdọ̀ fo èyí rárá, torí atẹ́gùn òkun ní iyọ̀ nínú.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọmọ ni yóò máa fò ó, mo ní láti sọ ti mẹtanọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní agbègbè Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí mẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ lè fọ́ ojú ènìyàn. Ẹ má rọ epo bàálù sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí láé, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ara kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fi í fọ nǹkan. Iná rẹ̀ kì í hàn ní ọ̀sán gangan. Bí ooru bá bá yín láìrí ọwọ́ iná, ẹ sá sẹ́yìn. Kí ọmọ náà sì máa dúró sí ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣètò ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí iwájú rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ bá ti fọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó.

Ṣé kí ẹ ra tuntun? Ohun méjì péré ni yóò mú kí n ní kí ẹ rà á: bí níkẹ́ẹ̀lì tàbí króómù inú síléńdà bá ti ṣí bí ọ̀dà ògiri, tàbí bí kọ́nírọ́ọ̀dù bá ti ń ṣe jáńgbá-jàǹgbà níbi tí ó ti di ṣáfútù mú. Bí méjèèjì kò bá sí, ẹ́ńjìnnì náà ṣì yè.

Ó wá ku kabúrétọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tí ó ń díwọ̀n epo, ẹ wá bébà àti gègé. Ẹ rọra yí i wọlé, ẹ máa ka iye ìgbà tí ó yí, títí yóò fi jókòó, kí ẹ má fipá mú un. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín fi í sí ní ọjọ́ tí ó fò ó kẹ́yìn nìyẹn, òun ni ó sì mọ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń jẹun. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó yọ abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ yọ rọ́bà rẹ̀, kí ẹ fi mẹtanọ́ọ̀lù fọ ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi sírínjì fẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹ bá tò ó padà, ẹ ṣí i dé iye tí ẹ kọ, kí ẹ fi ìlàjì yíyí kún un, kí epo lè pọ̀ díẹ̀ títí bẹ́ríìnì tuntun yóò fi mọ́ra. Lẹ́yìn táǹkì méjì tàbí mẹ́ta, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ sí nọ́ńbà bàbá rẹ̀.